Ẹni Tí Ìbò Alby Gbé Wọlé

Àbúrò Alby Tregenza ni mí. Ìyàwó rẹ̀, Verna, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Korrabin níbí, àwọn kan ń pè é ní akọni obìnrin, àwọn kan ò sì jẹ́ bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, ọwọ́ mi náà sì wà níbẹ̀, nítorí náà mi ò ní bu iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé kan nínú oṣù Karùn-ún, tí gbogbo ìlú ń gbin àlìkámà, ni Rex Hartnoll kọ́kọ́ wá sílé Verna. Aṣòfin mẹ́fà ló ń ṣojú ẹkùn wa ní Ilé Òkè, ìyẹn ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ wa, Rex sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ti lo ọdún mẹ́ta lórí àga kí a tó fojú kàn án. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Apẹja Olómìnira. Irinwó kìlómítà ni Korrabin fi jìnnà sí òkun. Ẹja tí àwa mọ̀ ni èyí tí wọ́n dé mọ́ inú agolo.

Verna ló kọ lẹ́tà sí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ilé Ìsàlẹ̀ ti fọwọ́ sí òfin kan pé ilé ìwòsàn ìgbèríko kankan ò gbọdọ̀ wà láìní dókítà lópin ọ̀sẹ̀. Tiwa nìyí, dókítà a gbé báàgì rẹ̀ lọ́sàn-án Fúráídè, ó di àárọ̀ Mọ́ńdè kí a tó tún rí i. Ó ku kí Ilé Òkè fọwọ́ sí òfin náà. Nínú àwọn mẹ́fà tí Verna kọ̀wé sí, Rex nìkan ló dáhùn.

Ó jókòó sí kíṣìnì wọn, ó tú bọ́tìnì kóòtù rẹ̀, ó ní, "Ẹ má pè mí ní Ọnọ́rébù, ẹ jọ̀ọ́. Rex ni kí ẹ pè mí. Ta ló ṣe kéèkì yìí?"

"Èmi ni," Verna dáhùn.

"Kí ìyàwó mi má gbọ́ o, ṣùgbọ́n irú èyí ò sí nílé wa."

Alby rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í wọ́n ẹ̀gbọ́n mi. "Rex, a ti gbọ́ ìyìn kéèkì. Òfin dókítà yìí ńkọ́? Ṣé ẹ ó dìbò fún un àbí ẹ ò ní dìbò fún un?"

Rex gbé ọwọ́ lé àyà. "Alby, ìbò mi ti wà nínú àpò yín. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dìbò. Méjìdínlógún ní bẹ́ẹ̀ ni, méjìdínlógún ní rárá. Bí ó bá ti dọ́gba báyẹn, òfin ti kú nìyẹn. Rex wà lára àwọn tó ní rárá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó èbúté, wọ́n fún un ní mọ́tò àti awakọ̀, pẹ̀lú ọ́fíìsì tó kọjú sí òkun. Orí rédíò la ti gbọ́ ọ. Alby pa rédíò, ó ní, "Ọkùnrin yẹn jẹ kéèkì mẹ́rin o!" Ó tún rẹ́rìn-ín. Verna ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Ìkórè dé ní oṣù Kọkànlá. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni. Alby ń fi ẹ̀rọ fa àlìkámà sókè sínú àgbá, ni ẹ̀rọ náà bá gbá apá ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó sì fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé. Bevan Luscombe, tí oko wọn pààlà, tí òun àti Alby ti jọ wà láti kíláàsì àkọ́kọ́, ló sáré pa ẹ̀rọ. Ó bọ́ bẹ́líìtì ara rẹ̀, ó fi di apá náà, ó gbé e sínú mọ́tò, ó sì sáré títí dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tamsin. Dókítà kan láti olú-ìlú ń sọ ohun tó máa ṣe fún un lórí fóònù, ó ń ṣe é, ó ń sunkún. Ọkọ̀ òfuurufú tó yẹ kó wá gbé Alby wà níbòmíràn. Alby béèrè bóyá wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Bevan ní wọ́n ti pa á. Alby kú ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú ọwọ́ Verna.

Lẹ́yìn ìsìnkú, dókítà wa sọ fún Verna, kò mọ̀ pé kò yẹ kóun sọ ọ́, pé ká ní ẹni tó mọ iṣan-ẹ̀jẹ̀ so wà nítòsí lọ́jọ́ náà, Alby ì bá máa fi ọwọ́ kan jẹun báyìí. Verna dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún rí i kó sunkún mọ́.

Rex fi òdòdó ránṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n kọ sára káàdì ni "Albert Tregenna". Verna kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé òdòdó náà jáde, ó jù ú sí àwọn àgùntàn. Wọ́n jẹ ẹ́.

Ilé ìkàwé ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì ọdún tuntun, Verna wọlé tọ̀ mí wá, kò kí mi.

"Glenys, mo fẹ́ mọ gbogbo ẹni tó dìbò fún Hartnoll. Gbogbo wọn pátá."

"Orúkọ àwọn èèyàn kì í sí nínú ìwé èsì ìbò, Verna."

"Iye wọn ńkọ́?"

Mo wá a fún un. Nínú nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún olùdìbò tó wà ní ẹkùn wa, ọ̀ọ́dúnrún àti mẹ́jọ péré ló dìbò fún ẹgbẹ́ Rex. Ní Korrabin, ẹyọ kan ò sí.

Verna wò mí. "Ọ̀ọ́dúnrún àti mẹ́jọ? Àwọn tó ń wá wo eré bọ́ọ̀lù wa lọ́jọ́ Sátidé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Báwo ló ṣe wá dé orí àga?"

Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yé wa, àwa tí a ti ń dìbò láti ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìwé ìdìbò Ilé Òkè gùn bí aṣọ tábìlì. Nítorí náà, ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni kí wọ́n kọ nọ́ḿbà kan ṣoṣo síwájú ẹgbẹ́ tó wù wọ́n, kí wọ́n sì máa lọ sílé. Bí ẹgbẹ́ yẹn kò bá wá rí ìbò tó, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tí yóò gba ìbò náà. Wọ́n ti kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò fà á lé lọ́wọ́ sínú ìwé kan, wọ́n ti fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìdìbò tipẹ́tipẹ́. Ọkùnrin kan wà ní olú-ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa so àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké pọ̀, kí wọ́n lè máa gba ìbò ara wọn, títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kún tó láti wọlé. Ọdún yẹn, ó kan Rex.

Mo bi Verna pé, "Ẹgbẹ́ wo lẹ dìbò fún, ìwọ àti Alby?"

"Ẹgbẹ́ Olùgbèjà Ilé Ìwòsàn Ìgbèríko. Ta la tún fẹ́ dìbò fún?"

Mo ti ṣí ìwé ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kí n tó béèrè. Mo kàn yí i sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, orúkọ tó tẹ̀ lé e ni Rex Hartnoll, Ẹgbẹ́ Apẹja Olómìnira.

Ó gbé ìka lé orúkọ náà.

"Ìbò Alby," ó ní. "Alby ló gbé e wọlé. Ó dìbò fún dókítà, wọ́n mú ìbò náà, wọ́n fi yan ẹni tó lé dókítà lọ."

"Ìwọ náà dì í, Verna, àwọn bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mìíràn náà sì dì í. Kì í ṣe Hartnoll ló pa Alby."

"Má bá mi ṣe lọ́yà rẹ̀." Ó pa ìwé náà dé. "Kó kàn fìdí rẹmi kò tó mi. Mo fẹ́ kí ọ̀nà tó gbà wọlé dí pa, kí ẹlòmíràn irú rẹ̀ má lè gba ibẹ̀ mọ́, kí òun náà sì wà láàyè kó máa wò ó."

Ó yẹ kí n ti sọ fún un pé kó lọ sinmi. N kò sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi lòun náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú ń bí èmi náà.

Ní nǹkan bí ìgbà yẹn, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti ṣàtúnṣe Ilé Òkè. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin, ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ohun méjì ni wọ́n ń gbèrò. Èkínní ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe darí ìbò ẹnikẹ́ni mọ́, kí olùdìbò fúnra rẹ̀ máa to nọ́ḿbà rẹ̀. Èkejì ni pé kí wọ́n pa ẹkùn rẹ́, kí gbogbo ìpínlẹ̀ di ẹkùn kan ṣoṣo, kí ìbò gbogbo èèyàn dọ́gba. Verna kọ̀wé pé òun ó wá. Ọjọ́ kejì ni Bevan dé, kò tilẹ̀ bọ́ fìlà.

"Verna, òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́? O fẹ́ lọ ti àwọn ará ìlú ńlá yẹn lẹ́yìn?"

"Hartnoll ni mo fẹ́ lọ tì ṣubú."

"Ọ̀kan náà ni! Ìbò ẹnì kan níbí tó ìbò mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ló ń ká wọn lára. Aṣòfin mẹ́fà la ní lónìí. Tí wọ́n bá pa ẹkùn rẹ́, òdo la ó ní. Ta ló máa rántí pé Korrabin wà láyé?"

"Ta ló rántí wa nígbà tí a ní mẹ́fà, Bev? Lẹ́tà mẹ́fà ni mo kọ."

"Nítorí ọkùnrin kan ṣoṣo lo ṣe fẹ́ gba àga lábẹ́ gbogbo wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bevan jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀jẹ̀ Alby ṣì wà lára ìjókòó mọ́tò mi. Mo ti fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Má máa ṣe bí ẹni pé ìwọ nìkan ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀."

Verna bu tíì fún un. "Mo mọ̀, Bev. Mo mọ ohun tí o ṣe lọ́jọ́ yẹn." Ó gbé ife náà síwájú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mò ń lọ."

Bevan ò mu tíì náà.

Ẹni kejì tó gbọ́ ni Rex. Èèyàn wa ló ta á lólobó, n kò mọ ẹni náà títí di òní. Awakọ̀ rẹ̀ dúró síta, òun nìkan wọlé. Verna ní kí n má lọ, kí n máa nu àwo lọ níbi ọ̀pọ́n ìfọwọ́.

Rex ní, "Verna, ohun tó ṣe Alby dùn mí wọra."

"Tregenza."

"Kí lẹ wí?"

"Orúkọ ọkọ mi. Tregenza ni, kì í ṣe Tregenna. Kí lẹ bá wá?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ìṣèlú le, pé ó ní ohun tí wọ́n fi ń gba ohun mìíràn, pé òun ò mọ̀ pé ó máa já sí ikú. Ó ní ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìgbèríko. Ó ní opó àgbẹ̀ tó bá dúró síwájú wọn pẹ̀lú irú ìtàn báyìí, òun ni wọn yóò fi pa ẹkùn rẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Verna bi í pé, "Bí n kò bá lọ ńkọ́?"

"Màá gbé òfin dókítà padà wá. Láàárín oṣù kan. Èmi fúnra mi ni màá gbé e dìde, màá sì dìbò fún un. Ìbò kan péré ló dín lọ́jọ́sí, tèmi ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ lọ́jọ́sí lórí àga yìí kan náà. Ẹnu lẹ fi ṣèlérí nígbà yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí."

Ó wò ó, ó wo èmi náà. Verna ti gbé bírò síwájú rẹ̀. Rex yọ ìwé kan tí àmì Ilé Òkè wà lórí rẹ̀ nínú báàgì, ó kọ ọ́.

"Ẹ kọ tèmi náà sí i," Verna ní. "Pé Verna Tregenza ò ní yọjú síwájú ìgbìmọ̀. Kó lè yé àwa méjèèjì."

Ó kọ ìyẹn náà, ó buwọ́ lù ú. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó wá ń wò káàkiri orí tábìlì. "Kò sí kéèkì lónìí?"

"Kò sí."

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ tán, mo ní, "Ṣé o ò ní lọ mọ́ nìyẹn?"

Verna ká ìwé náà sí mẹ́rin. "Tí ìwọ Glenys bá gbà mí gbọ́, a jẹ́ pé ọkùnrin yẹn náà gbà mí gbọ́."

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Rex mú ìlérí ṣẹ, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Oṣù kan ò pé tó fi gbé òfin náà dìde. Mọ́kàndínlógún ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́tàdínlógún ní rárá. Òfin wọlé. Ní ìparí oṣù Kẹrin, wọ́n rán dókítà kejì wá sí Korrabin, obìnrin kan tó ń jẹ́ Nimali, tó ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Àwọn èèyàn wá ń kí Verna ní ṣọ́ọ̀bù. Bevan pàápàá wá bá a tún géètì ṣe. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó tán nìyẹn, pé ó ti rí ohun tó ń wá.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn ìlú kejì, wákàtí kan sí wa, Verna wá gbé mi láàárọ̀. Ó wọ aṣọ búlúù tó wọ̀ sí ìsìnkú Alby.

Rex ti wà níwájú, nítorí òun náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ lọ́sàn-án. Nígbà tó rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́. Ó rò pé a wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí adájọ́ ka orúkọ Verna.

Verna ò pariwo. Ó sọ bí òun àti ọkọ òun ṣe dìbò, ó sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dì í fún àti ibi tí ìbò náà lọ. Ó sọ ti ọ̀ọ́dúnrún àti mẹ́jọ. Ó sọ ti ọjọ́ Sọ́ńdè, aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Adájọ́ bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé àtúnṣe yìí lè gba aṣòfin mẹ́fà lọ́wọ́ ẹkùn yín?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ṣì fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá tún máa ṣe mí níbi, ó yẹ kí n lè mọ ìgbà tí mo yàn án."

Ó wá tú ìwé náà. "Ohun kan ló kù. Ọ̀gbẹ́ni Hartnoll ló kọ èyí ní kíṣìnì mi, àbúrò ọkọ mi tó jókòó yìí rí i." Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ìbuwọ́lù. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ pé aṣòfin kan fi dókítà pààrọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ opó.

Rex fò dìde. "O ṣèlérí! Obìnrin yìí ṣèlérí fún mi!"

Adájọ́ yí sí i. "Ìlérí wo nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Hartnoll?"

Rex ya ẹnu sílẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà ràn. Verna yíjú sí i, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń tu ọmọ nínú:

"Ìbò mi ti wà nínú àpò rẹ, Rex. Lọ fọkàn balẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, àwòrán Rex wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn, ẹnu rẹ̀ ṣì yà sílẹ̀. Wọ́n gba àga alága lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́tò àti awakọ̀ bá a lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò bá a jókòó jẹun mọ́. Ìgbìmọ̀ kọ ìwé àbájáde wọn, ọ̀rọ̀ Verna sì gba ojú ewé méjì gbáko nínú rẹ̀. Kí ọdún tó parí, àtúnṣe méjèèjì ti di òfin. Ẹgbẹ́ kankan ò tún lè darí ìbò ẹlòmíràn mọ́. Ẹkùn wa náà sì ti pa rẹ́.

Kíṣìnì la wà nígbà tí rédíò sọ ọ́. Verna dìde, ó jó. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń yí po, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí mi. Mi ò lè jó. Ó bà mí lẹ́rù, kí n má purọ́.

Korrabin ò bá a jó. Ní ọjà ṣọ́ọ̀ṣì, kéèkì rẹ̀ wà nílẹ̀ títí ọjà fi tú, ó gbé gbogbo rẹ̀ padà sílé. Ẹnì kan fi ọ̀dà kọ "ÒDO" gàdàgbà sára géètì tí Bevan bá a tún ṣe, nítorí òdo ni iye aṣòfin tó kù fún wa. Mo gbé kànìnkànìn àti ọṣẹ wá, Verna ní kí n fi í sílẹ̀. Bevan ní tiẹ̀, tó bá rí i lójú pópó, á sọdá sí òdì kejì.

Mo bá a jà nítorí Bevan. Mo ní, "O lè dúró níbi òfin dókítà. O ti rí i gbà. Kí ló dé tí o ò dúró níbẹ̀?"

"Nítorí pé Hartnoll ṣì ń jókòó lórí ìbò Alby," ó ní. "Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kó máa jókòó lọ ni?"

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìdìbò dé, ní Sátidé kan. Ilé ẹ̀kọ́ ìlú la ti ń dì í, àwọn òbí ń yan sọ́sééjì síta, wọ́n ń dì í sínú búrẹ́dì pẹ̀lú àlùbọ́sà fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Rex tún gbé àpótí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lé e, nítorí náà òun nìkan ló dá dúró, gbogbo ìpínlẹ̀ ló wá di ẹkùn tó ń bẹ̀. Èmi ò mọ ohun tó gbé e wá sí Korrabin. Bóyá ó rò pé ìlú tó bínú sí Verna lè fẹ́ràn òun. Ó dúró lábẹ́ igi nítòsí géètì, ó ń pín ìwé. Ó ti rù. Àwọn èèyàn ń gba ìwé náà, wọ́n ń fi í nu ọwọ́ tí òróró sọ́sééjì bà.

Verna kọjá lára rẹ̀ láì wò ó. Nínú ilé, ó gba ìwé ìdìbò àti pẹ́ńsù. Nọ́ḿbà kan lókè ti tó fún ẹni tó bá ń kánjú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lè to gbogbo olùdíje lọ́kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Verna jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Mo dìbò tèmi tán, mo jẹ sọ́sééjì, mo padà wọlé, ó ṣì ń kọ ọ́. Ìlà wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bevan wà lórí ìlà náà, ó dijú mọ́rí. Òṣìṣẹ́ ìdìbò rọra bá Verna sọ̀rọ̀ pé, "Ìyá, kò pọn dandan kí ẹ to gbogbo rẹ̀ o."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí n ráyè."

Ó tó wákàtí kan kó tó dìde. Ó ká ìwé náà, ó sọ ọ́ sínú àpótí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú. Nígbà tó jáde, ọ̀dọ̀ Rex ló gbà lọ tààrà.

"Mo to gbogbo yín," ó ní. "Mo fi ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n máa pa ajá ìgboro ṣíwájú rẹ. Mo fi ọkùnrin tó ní ilé ayé pẹrẹsẹ ṣíwájú rẹ. Ìwọ lo gbẹ̀yìn. Mo tẹ pẹ́ńsù mọ́ tìrẹ dáadáa kó lè hàn."

Rex wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé inú rẹ ti dùn báyìí?"

"Ó ti ń dùn bọ̀. Jẹ́ kí wọ́n kà á tán ná."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kà á. Ní gbogbo ìpínlẹ̀, Rex rí igba àti mọ́kànlá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìwé kankan tó lè gbé ìbò ẹlòmíràn kún un. Verna ní kí n tẹ ojú ewé náà jáde fún òun ní ilé ìkàwé, ó gbé e lọ sí ibojì Alby. Ohun tó sọ níbẹ̀, èmi ò bá a débẹ̀.

Láti ìgbà náà, aṣòfin Ilé Òkè kankan ò tíì fẹsẹ̀ kan Korrabin. Bevan ń ka oṣù rẹ̀ sí etí gbogbo èèyàn. Kò parọ́, mo sì máa ń gbà fún un pé òótọ́ ni.

Ní Sọ́ńdè kan nígbà òtútù, abẹ ìrẹ́run àgùntàn ya ọwọ́ Bevan láti ọrùn ọwọ́ dé igbọ̀nwọ́. Dókítà Nimali wà nílé ìwòsàn, ó rán an ní ojú méjìlélógún. Verna ló wà nídìí tábìlì ìgbàlejò, nítorí ó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè. Ó kọ orúkọ Bevan sílẹ̀, ó fún un ní omi. Bevan mu omi náà, ó fi ọwọ́ kejì buwọ́ lu ìwé ìtọ́jú rẹ̀, ó jáde.

Mo ní, "Kò tilẹ̀ kí ọ."

Verna ń to àwọn ìwé. "Ó lè bínú títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó wà láàyè, kó máa bínú lọ." Ó wo aago ara ògiri, ó wá bi mí bóyá ọbẹ̀ àgùntàn àná ṣì kù nílé mi, nítorí pé ebi ń pa òun.